Wáyà Mélòó Ló Wọ Ilé Mi? Ìrìn Àjò Mi sí Ajah Nítorí Ẹ̀rọ Ìjórin

Mo ní gáréèjì, ṣùgbọ́n n kò ní mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìwó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ìjàpá mi àtijọ́ ló gbé inú rẹ̀ kí n tó tà á fún oníṣòwò kòkó kan, láti ọjọ́ náà sì ni gáréèjì ti di ìjọba tèmi. Ibẹ̀ ni òòlù mi wà, ibẹ̀ ni ayùn irin wà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń tún àga ilé ẹ̀kọ́ ṣe bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé tán. Ìyá Kúbúrà, ìyàwó mi, ní òun fẹ́ fi ibẹ̀ sin adìẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi di ọdún Iléyá.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kí Iléyá tó dé nìyí. Ìyá mi ṣubú lẹ́yìnkùlé nígbà òjò. Ara wọn yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jókòó lójú fèrèsé iwájú ilé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wo títì, tí wọ́n sì ń ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n rí fún mi bí mo bá ti dé: ta ló ra aṣọ tuntun, ewúrẹ́ ta ló já, ẹyẹ wo ló ń bá ẹyẹ wo jà. Èmi a máa dáhùn pé "ẹn-ẹn, Màmá," ọkàn mi a sì wà níbòmíràn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Màmá kò pa ìrun Yídì jẹ rí. Mo sọ fún wọn pé èmi yóò pọ̀n wọ́n lọ.

Wọ́n wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Àlàbí, ta ni yóò pọ̀n ta? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ títí o fi já ọ̀já mi? Kí gbogbo Ìwó máa wo ìdí mi lókè bí àpò gàrí? Bí mi ò bá ní fúnra mi jókòó, kí n máa wo ojú èrò bí mo ṣe ń lọ, ẹ máa lọ. Mo wà nílé."

Ó wá ku àga oníkẹ̀kẹ́. Ilé ìwòsàn tí a lọ ní ká kọ orúkọ sílẹ̀ ká máa retí. Mo ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì nínú gáréèjì, mo ní páìpù irin, mo sì ti ya àwòrán àga náà sórí pátákó. Ẹni tí yóò jó irin mọ́ irin ló kù. Wẹ́dà kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, "ẹ padà wá lọ́la" sì ni orin rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ó bá mi jó o. Mo gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e láti dán an wò, ó tú ká bí ìwé tí a fi itọ́ lẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé èmi fúnra mi yóò ra ẹ̀rọ ìjórin, ọwọ́ ara mi ni n óò sì fi jó o.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń ṣe akọ̀wé l'Ékòó ló kọ lẹ́tà sí mi pé wẹ́dà kan wà ní Ajah, lápá Lẹ́kkí, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Mùfú. Ó ní ọkùnrin náà ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. "Tíṣà, ọ̀kan pupa wà níbẹ̀, ó ń dán bí ọkọ̀ ìyàwó." Kí ló tún kù? Mo wọn ẹnu ọ̀nà gáréèjì, mo wọn ògiri, mo wọn tábìlì tí ẹ̀rọ yóò jókòó lé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo ohun tí téèpù mi lè dé ni mo wọ̀n.

Ní Ọjọ́rú kan nígbà ọlidé, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá dé, wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo ti wọ bàtà. Ìyá Kúbúrà di ẹ̀kọ mẹ́rin àti mọ́ínmọ́ín méjì fún mi. Ó ní, "Bàbá Kúbúrà, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ náà kò bá yín mu, ẹ má fi gírámà bá wọn jà. Ẹ máa bọ̀ nílé. Adìẹ ń dúró dè yín." Màmá ti wà lójú fèrèsé nínú òkùnkùn. Wọn kò bi mí léèrè ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Mú ẹja bọ̀."

Náírà kan ni wọ́n gbà láti Ìwó dé Ìbàdàn, ẹ̀yin náà sì mọ ọ̀nà yẹn, n kò ní fi àlàyé kòtò rẹ̀ dá yín lágara. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gba títì tuntun tó ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, ẹ gbọ́: títì méjì ni wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, koríko wà láàárín. Ẹni tó ń lọ kò ní pàdé ẹni tó ń bọ̀ rárá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí o bá rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ìwọ àti awakọ̀ yóò kọ́kọ́ wo ojú ara yín kí ẹ tó mọ ẹni tí yóò yà sínú igbó. Níbí, kò sí pé à ń wojú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni awakọ̀ wa ṣe sáré débi tí obìnrin tó jókòó tì mí fi ka àdúrà ìrìn àjò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbójú sókè lẹ́yìn ìkẹta, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá awakọ̀, àdúrà mi ti ń tán o." Náírà mẹ́ta ni ti ibẹ̀. Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí a fi dé Òjóta.

Láti Òjóta mo wọ ọkọ̀ dé Ọbáléndé, ní Ọbáléndé ni mo ti wọ bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Ajah. Orí pákó ni èrò ń jókòó sí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n awakọ̀ rí irun funfun mi, ó sì fún mi ní ìjókòó iwájú.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń lọ wá ní Ajah? Ilẹ̀ ni, àbí ẹja?"

"Ẹ̀rọ ìjórin ni."

Ó yíjú sí mi, ó gbàgbé títì. "Ẹ̀rọ ìjórin? Ẹ gba gbogbo Èkó kọjá, inú iyanrìn lẹ ń lọ wá a?"

"Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mùfú ni."

"Háà! Ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Òun ló jó abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ jókòó sí yìí. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀, Bàbá? Omi ni mò ń wí."

"Kí ni omi ń wá nínú ọ̀rọ̀ irin?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu sítíárìn. "Ẹ ó rí i."

Lẹ́yìn Màrókò, títì náà ń ṣe bí ẹni tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ dà. Ibì kan jẹ́ ọ̀dà dúdú tó mọ́ tónítóní, ibòmíràn jẹ́ iyanrìn lásán. Bí a bá dé ibi iyanrìn, awakọ̀ a pariwo pé "ẹ sọ̀ kalẹ̀!" gbogbo wa a sì ti ọkọ̀ títí yóò fi dé orí ọ̀dà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí, mo sanwó ọkọ̀, mo sì ti ọkọ̀. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, a kò rí i ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ. Lọ́wọ́ òsì ni ọ̀sà wà. Ọ̀sà ni omi ńlá tó wà láàárín ilẹ̀, kò níyọ̀ tó òkun, kò sì dùn tó odò. Igi àgbọn ló kún àárín omi méjèèjì yìí, pẹ̀lú àbàtà àti abúlé kéékèèké tí àwọ̀n ẹja ń gbẹ níwájú ilé wọn bí aṣọ ṣe ń gbẹ níwájú tiwa. Awakọ̀ ní wọ́n ní lọ́jọ́ kan ibí yóò di ìlú àwọn olówó. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni olówó yóò fi iyanrìn àti àgbọn ṣe?

Ìrun Alásárì ti sún mọ́ kí a tó dé. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mùfú kò jìnnà sí etí ọ̀sà, abẹ́ igi fúrúùtù kan ló wà. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Iná ti jó irun ojú rẹ̀ kan dànù, àpá iná kéékèèké sì kún apá rẹ̀ bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà."

"Ta ló sọ fún yín pé tíṣà ni mí?"

"Bírò mẹ́ta ló wà lápò àyà yín. Kí lẹni tí kì í ṣe tíṣà fẹ́ fi mẹ́ta ṣe?"

Ó ṣí tapólì, mo rí ẹ̀rọ pupa náà. Ẹ̀yin ará ilé, n kò ní parọ́, ọkàn mi fò. Ó ga dé orúnkún mi, ó ní ẹsẹ̀ táyà, ó ní ohun yíyí tí nọ́ńbà yí ká, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó tí kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì sí i lára. Mo yọ ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n gáréèjì fún un: ẹnu ọ̀nà, ògiri, tábìlì. Ọ̀gá Mùfú tẹ́tí sílẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó gbọ́ràn. Nígbà tí mo parí, ó ní:

"Ó dáa. Wáyà mélòó ló ti orí òpó wọ ilé yín?"

"Wáyà iná?"

"Wáyà iná ni mò ń wí."

Mo wo ìwé mi. Kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Ó... wọ́n pọ̀ díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn tó mélòó?"

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé ilé náà. Abẹ́ wáyà yẹn ni mò ń gbà jáde láràárọ̀, n kò sì lè sọ iye rẹ̀. Ọ̀gá Mùfú kó ẹfun fún mi, ó ní kí n ya ilé mi sára pátákó irin kan. Mo ya ilẹ̀kùn. Mo ya fèrèsé Màmá. Mo ya igi ọsàn. Mo ya òpó iná. Nígbà tó di pé kí n fa ìlà láti orí òpó wá sí orí òrùlé, ọwọ́ mi dúró sójú kan.

Ó ní, "Ẹ wò ó, Tíṣà. Wáyà mẹ́rin ni ẹ̀rọ pupa yìí fi ń jẹun. Àwa ní mẹ́rin níbí nítorí ilé tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín ẹja. Ilé tí wáyà méjì bá wọ̀, ẹ̀rọ yìí á kàn jókòó síbẹ̀, ẹ ó máa nù ún bí fọ́tò. Bí ẹ bá sì fi ipá so ó, iná gbogbo àdúgbò á lọ, àwọn ará àdúgbò á sì wá kí yín nílé."

"Bóyá mẹ́rin ni tiwa."

"Mi ò kì í ta ẹ̀rọ lórí bóyá. Ẹ lọ kà á, kí ẹ padà wá."

Kí n padà sí Ìwó, kí n tún wá? Ọlidé ń tán lọ, Iléyá ń bọ̀. Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, kò ní sí àga, Màmá yóò sì wà lójú fèrèsé yẹn nígbà tí gbogbo ìlú bá ń kọjá pẹ̀lú aṣọ ọdún. Mo jókòó sórí irin kan, mo ń wo fèrèsé tí mo yà. Bí mo ṣe ń wò ó ni mo ń gbọ́ ohùn Màmá lórí mi, àwọn ìròyìn tí mo máa ń fi "ẹn-ẹn" dá lóhùn. "Àlàbí, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ méjì wọ̀nyí tún ti jà lónìí o. Ọkọ lọ jókòó sórí wáyà kan, ìyàwó lọ jókòó sórí èkejì. Kò sí wáyà mìíràn níbẹ̀ tí wọn ì bá fi jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo fò dìde. "Méjì ni!"

"Ta ló sọ?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ náà fún un. Ọ̀gá Mùfú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá yín ló yẹ kó wá ra ẹ̀rọ."

Ó da tapólì bo ẹ̀rọ pupa, bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹ̀rọ náà ṣe pínyà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ó ti gbé òmíràn wá. Àpótí páànù ni, kò tóbi ju àpótí aṣọ ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbélé lọ. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó fi igi ṣe ọwọ́ méjèèjì sí i. Wáyà bàbà ló wà nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e yí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ká bí òwú. Kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ. Ẹ mọ̀ wá, àwa tí a kàwé. Mo ní:

"Ìwé rẹ̀ dà?"

"Ìwé kẹ̀?"

"Ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń lò ó."

"Èmi nìwé rẹ̀. Ẹ ṣí mi, ẹ kà."

Mo kà á. Ó ní wáyà méjì tó ẹ̀rọ náà. Ó ní kò lè jó ẹsẹ̀ tirélà, ṣùgbọ́n àga, ibùsùn, géètì àti fèrèsé, kò sí èyí tí kò lè jó. Ó ní ó máa ń gbóná. "Bí ẹ bá ti lo ọ̀pá ìjórin mẹ́ta, ẹ fọwọ́ lé e lórí, kí ẹ máa ka ení, èjì. Bí ẹ bá ka dé ẹ̀wá kí ó tó ta yín, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá lè ka dé àrún, ẹ lọ mu omi, kí òun náà mí." Owó tó dá lé e kò tó ìdajì ohun tí mo mú wá. Mo ti fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò nígbà tó ní kí n dúró.

"Mi ò kì í tà á fún ẹni tí kò tíì jó irin lójú mi."

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ìdákọ̀ró kan, irin tó ní ìwọ̀ mẹ́rin tí àwọn apẹja ń jù sómi kí ọkọ̀ má baà lọ. Bàbá Lámídì ló ni ín, apẹja àgbàlagbà kan tó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tó dojú dé, tó ń fi eyín já òwú àwọ̀n. Òrùka tí okùn ń gbà kọjá lórí rẹ̀ ti já, òun ni kí n jó padà. Ọ̀gá Mùfú fún mi ní ìbòjú onídígí dúdú. Mo ti ọ̀pá bọ irin, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbáà. Mo fà á, kò gbà.

Ọ̀gá Mùfú ní, "Tíṣà, kì í ṣe ọmọ lẹ ń nà. Ẹ ṣá a bí ìṣáná, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn létí láì fẹnu kan etí rẹ̀."

Mo jó òrùka náà. Ọ̀gá Mùfú fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́. Mo tún un jó. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́. Bàbá Lámídì yọ òwú lẹ́nu, ó fi ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ tó wúwo ní, "Tíṣà, ìgbà wo ni wọ́n ń jáde ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ yín?" Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rọra. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, ó ń ta bí epo tí à ń dín nǹkan nínú rẹ̀, kò dáwọ́ dúró, kò sì pariwo. Nígbà tí èépá rẹ̀ bọ́, ojú ibi tí mo jó fi ara hàn lábẹ́ rẹ̀, ó lọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí etí aṣọ tí a gbá. Ọ̀gá Mùfú lù ú títí àárẹ̀ fi mú un. Kò bọ́.

Mo ní, "Ó parí."

Bàbá Lámídì ní, "Ó ku èmi àti ẹ."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ òfin wọn. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wẹ́dà kan tó jẹ́ àlejò jó ìdákọ̀ró fún wọn, ó gbowó, ó lọ. Òrùka já lórí omi, afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú apẹja tó sùn sínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò tún sùn nínú ọkọ̀ mọ́ títí dòní. Bàbá Lámídì ni apẹja náà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jó ìdákọ̀ró ni yóò kọ́kọ́ bá a lọ sórí ọ̀sà. Ọ̀gá Mùfú fúnra rẹ̀ ti lọ tó ìgbà tí kò lè kà mọ́. Mo wá rántí awakọ̀ tó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ilé Ọ̀gá Mùfú ni mo sùn. Ìyàwó rẹ̀ fún wa ní ìkókore, isu ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ata, epo àti ẹja. Ẹja tí a ń jẹ ní Ìwó ti rin ìrìn àjò púpọ̀ ju èmi lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí, àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ronú pé bóyá oúnjẹ ìkẹyìn mi nìyẹn.

Nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́, a wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́, igi kan ni wọ́n gbẹ́. Mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Bàbá Lámídì ń wà á lọ pẹ̀lẹ́ títí etí omi fi di ìlà lẹ́yìn wa.

"Ẹ̀yin ará òkè," ó ní, "omi inú ìkòkò nìkan lẹ mọ̀. Jẹ́ kí etí ọkọ̀ mí díẹ̀."

"Bàbá, bí ó bá já ńkọ́?"

"Bí ó bá já, ìwọ àti èmi á jọ mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ kò dáa. Bí o bá wà lórí ilẹ̀, èmi nìkan ni ì bá mọ̀." Ó ju ìdákọ̀ró sómi.

Okùn ń tú, ó ń tú, ó dúró. Omi ń ti wa. Okùn náà le gan-an, ó ń gbọ̀n, omi ń kán lára rẹ̀, gbogbo ara mi sì wà ní òrùka kékeré kan tí n kò rí mọ́. Ọkọ̀ yí imú padà díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí omi, ó sì dúró sójú kan. Bàbá Lámídì gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ sílẹ̀. Ó yọ obì lápò, ó bù ú fún mi. A jókòó síbẹ̀ pẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo fi ọwọ́ sílẹ̀ ní etí ọkọ̀.

Kí a tó padà, ó mú ẹja ọ̀bọ̀kún ńlá méjì, ó ní kí n mú un fún ẹni tó ń ka ẹyẹ. Ọ̀gá Mùfú ti sọ fún un.

Mo sanwó, mo gba ẹ̀rọ, ìbòjú àti ìdì ọ̀pá ìjórin kan. Ìyàwó Ọ̀gá Mùfú yan ẹja náà fún mi kí ó má baà bàjẹ́. Ní Ọbáléndé, wọ́n gba owó èrò kan lórí ẹ̀rọ náà nítorí ó wúwo. Ní Òjóta, wọ́n tún gba ti èrò kan. Mo sọ fún awakọ̀ Ìbàdàn pé bó bá jẹ́ èrò ni, kó jókòó lórí àga bí èrò. Ó gbà. Èmi àti ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé jókòó tira wa dé Ìbàdàn, mo fi aṣọ bò ó lórí nítorí eruku, obìnrin kan sì bi mí bóyá ara rẹ̀ kò yá ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìwó. Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ níwájú ilé. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, mo gbójú sókè sí òpó, mo ń kà.

Ohùn kan jáde lójú fèrèsé. "Àlàbí, kí lò ń wò lókè?"

"Wáyà ni, Màmá."

"Méjì ni. Ṣé torí ìyẹn lo ṣe lọ sí Èkó? Ó yẹ kó o bi mí kó o tó lọ."

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn, n kò ní fi gírámà bò ó mọ́lẹ̀. Mo rin ọjọ́ méjì gbáko, mo ti ọkọ̀ nínú iyanrìn, mo jókòó lórí ọ̀sà, kí n tó mọ ohun tí ìyá mi ti ń sọ fún mi lójoojúmọ́ ní ilé ara mi. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ń ròyìn, mo máa ń jókòó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, gílóòbù ilé wa rẹ̀ díẹ̀, ti aládùúgbò náà rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kú. Mo ń fọwọ́ lé e lórí, mo ń ka ení, èjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jó àga náà. Mo jó ibì kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó parí, mo ṣèèṣì sọ òfin àwọn ará Ajah fún Màmá.

Wọ́n ní, "Òfin gidi. Jókòó sí i."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ló jó o? Ìyá Kúbúrà, ẹ bá mi tì í dé ìkóríta kí ẹ tì í padà."

Báyìí ni ìyàwó mi ṣe ti èmi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọjá níwájú gbogbo àdúgbò ní ọ̀sán gangan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń kí mi pé "Ẹ káàsán, sà," èmi náà ń dá wọn lóhùn láti orí àga. Ìyá Kúbúrà ń rẹ́rìn-ín débi tí ó fi ń kọsẹ̀. Nígbà tí a padà dé, kò dárúkọ adìẹ mọ́. Ó bi mí bóyá mo lè jó irin sí ojú fèrèsé ìdáná òun.

Ọjọ́ Iléyá, Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n fi ìborùn tuntun bo orí, wọ́n jókòó. Mo di ọwọ́ àga mú, mo ń ti wọ́n lọ láàárín èrò. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró táyà, mo ń tẹ́tí sí ibi tí mo jó lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ń yára kí a tètè dé pápá.

Màmá fọwọ́ gbá apá àga náà.

"Àlàbí, kí lò ń sáré sí? Rọra tì mí. Jẹ́ kí wọ́n rí mi."